Ayùn Ńlá Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ẹnì Kan

Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti pa ohùn mi rẹ́ ni n kò ti kí i mọ́. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà rí, kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. A dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù kí ìjọba má bàa ti ilé ìwòsàn kékeré òpópónà wa. Mo gbohùn sílẹ̀ níbẹ̀, mo ròyìn bí nọ́ọ̀sì wọn ṣe rán ìka mi tí ayùn gé. Tíṣà pa á rẹ́, ó ní kíkọ nìkan ni òfin ẹgbẹ́. Mo bá jáde. Oṣù méjì rèé, káfíńtà kì í sì í gbàgbé ìṣó tó gún un.

Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ló kù tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe: òun ló ń kọ, òun ló ń fèsì, òun ló ń bá àwọn elébùú fa á. Fóònù ń bá a wọ balùwẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì rán ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò oníbàárà kan pọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣèèṣì fi ìwọ̀n ìbàdí ìyá kan tó ń ránṣọ fún ránṣẹ́ sí ọ̀gá ìlera ìjọba tó fẹ́ ti ilé ìwòsàn náà: “Méjìdínláàádọ́ta. Kò gbọdọ̀ fún.” Ọ̀gá béèrè bóyá ìhàlẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wá jókòó lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni ìjọba yóò gba ẹ̀rí àwọn èèyàn kẹ́yìn, ẹni méje péré ló sì tíì kọ̀wé.

“Bọ̀dá, ó ti sú mi. Kí wọ́n kúkú tì í.”

Èmi àti káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi ń fa ayùn ńlá ẹlẹ́ni méjì lọ́wọ́. Nídìí ayùn yìí, ẹni tó bá rẹ̀ á lu pákó lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, ẹlòmíràn á gbà á, a kì í béèrè ìdí.

“Ta ló di ẹ̀gbẹ́ kejì ayùn tìẹ mú?” mo bi í.

Ó bẹ̀ mí kí n padà sínú ẹgbẹ́. Mo ní ó di ìgbà tí Tíṣà bá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwa tí a kò lè kọ̀wé lè sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi jíṣẹ́, Tíṣà sì wá lọ́jọ́ kejì, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

“Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́,” ó wí. “Mi ò gbọ́ ohun tí o wí nínú ohùn yẹn, ojú ló sì ń tì mí láti sọ.”

“O ò ṣe sọ ọ́ látọjọ́ yìí?”

“Kí lo wí?”

Mo ti fi odindi oṣù méjì bínú sí etí lásán.

A wá ṣètò pé kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gbohùn sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún Tíṣà. Ẹni tó bá rẹ̀ á kọ “kó, kó”, ẹlòmíràn á sì gbà á. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ lu pákó.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ohùn mọ́kànlélọ́gọ́ta ti wà nílẹ̀. Àwọn ìyá tó bímọ síbẹ̀ tí wọn kò sọ̀rọ̀ rí pọ̀ nínú wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá ìlera kọ̀wé pé àwọn kò ní ti ilé ìwòsàn náà mọ́. Ó tún béèrè bóyá aṣọ ti gba ìbàdí yẹn.

Àbúrò mi kò tíì rí ìwé náà. Ó ń sùn, fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpótí ìṣó mi. Tíṣà ló fèsì. Mo ti ń kí i báyìí, àmọ́ n kò tíì dárí jì í tán. Ó ku díẹ̀.