Òdòdó Bàbá Nínú Omi Iyọ̀

Ẹni tó bá ní òun mọ agídí, tí kò tíì rí Onídìrí níbi tó ti ń yẹ omi wò, kò tíì rí nǹkan kan. Láràárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ asẹ́mi ní ilé ìdáná, á gbé ife sí ẹnu rẹ̀, á ti mítà kékeré tó ń ka ohun tó bá yòrò sínú omi bọ inú rẹ̀, á sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Òdo," ni yóò wí. "Omi yìí mọ́ o. Kí ló wá ń pa wọ́n?"

Àwọn tó wà nínú àpótí gíláàsì ńlá ní pálọ̀ ló ń sọ. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹja àti edé ló ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọba wọn ni ẹranko òkun kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta, tó máa ń na àwọn apá rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ síta. Òdòdó ni gbogbo ilé ń pè é. Bàbá Onídìrí ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí bàbá náà máa kú, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún Onídìrí, àbígbẹ̀yìn òun.

Ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí. Kò jà, kò sì pariwo. Ẹ̀mú gígùn tí Bàbá fi ń fún Òdòdó lóúnjẹ ló mú lọ sílé ara rẹ̀, kò sì dá a padà. Látìgbà náà, ìyarun onírù gígùn tí Onídìrí máa ń fi há irun orí rẹ̀ ló fi ń bọ́ Òdòdó. Iṣẹ́ náà ń ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ kan tó ṣe é tí inú rẹ̀ kò bà jẹ́ díẹ̀.

Àfi bí edé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òdòdó náà kó gbogbo apá rẹ̀ wọlé, ó súnkì bí èso tó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n wá kí wọn, ó rí i, ojú rẹ̀ korò.

"Àbúrò mi, mi ò bá ẹ jà o," ló wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ ò ní kú níṣojú mi. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Tí mi ò bá bá a kó ti tanná, kó na apá síta bíi tàtẹ̀yìnwá, mò ń gbé e lọ sílé mi nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi—"

"Mo ti sọ tèmi."

Ọkọ Onídìrí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Páìpù nítorí iṣẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń ṣe, tú ẹ̀rọ asẹ́mi náà palẹ̀. Ó pààrọ̀ asẹ́, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó tún un tò. Mítà ṣì ń sọ pé òdo. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, àbùkù kan ò sí nínú ìyẹn, àfi pé ó tún mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Kí edé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni wọ́n ra àgbá tí wọ́n ń tọ́jú omi sísẹ́ sí kí wọ́n tó po iyọ̀ mọ́ ọn fún àpótí; táàpù rọ́bà funfun ló bá a wá látilé ìtajà, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ dànù. "Èmi tí mò ń fi páìpù jẹun, kí táàpù rọ́bà wà nínú ilé mi? Káyé lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Idẹ gidi ló fi rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń fi àkísà nù ún títí tí yóò fi máa dán gbinrin, bí àlejò bá sì dé, táàpù ni yóò kọ́kọ́ fi hàn án kó tó kan ẹja.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Onídìrí, ó ṣí gèlè lórí, ó sì bú sẹ́kún. Ó ti fi dáì sọ irun rẹ̀ di pupa rúsúrúsú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n irun náà ti ń ṣe bí ewé tútù báyìí.

"Ẹ má sunkún, mà," ni Onídìrí wí. "Omi tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ ni. Kọ́pà, ìyẹn bàbà, ló wà nínú ẹ̀. Táàpù ilé yín ńkọ́, irú èwo ni?"

"Idẹ ni. Tuntun ni, ó dára gan-an."

Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ Onídìrí. Kọ́pà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe idẹ, májèlé sì ni fún edé. Ó rántí àkísà ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ní àwọ̀ ewé lára lẹ́yìn tó bá nu táàpù tán. Ó tún rántí pé ẹnu ẹ̀rọ lòun ti ń wọn omi láti ọjọ́ yìí wá. Òun ò wọn ti inú àgbá rí.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó tún irun obìnrin náà ṣe, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó yà ra oògùn tí wọ́n fi ń dá kọ́pà mọ̀ nínú omi, ó sì kọrí sílé. Ó wọn omi ẹnu ẹ̀rọ: òdo. Ó ṣí táàpù idẹ, ó wọn ti àgbá. Nọ́ńbà orí mítà ta sókè. Ayọ̀ mú un débi pé ó kígbe, Ọ̀gá Páìpù sì sáré wọlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó máa kú mọ́! Táàpù yín ni, olówó orí mi. Omi tá a ti sẹ́ gbogbo nǹkan kúrò nínú ẹ̀, ebi ló máa ń pa á. Ohunkóhun tó bá pàdé ló ń jẹ. Idẹ yín ló ń jẹ."

"Idẹ mi? Idẹ gidi yìí? Irọ́ ni!"

"Ẹ kán oògùn yìí sí i fúnra yín."

Ó kán an sí omi ẹnu ẹ̀rọ, omi náà ò yí padà. Ó kán an sí ti àgbá, omi náà di aró. Ọ̀gá Páìpù wò ó, ó tún kán òmíràn, ó tún wò ó. Nígbà tó yá, ó fi sípánà sí ìdí táàpù rẹ̀, ó ń tú u jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bọ́ òrùka lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Táàpù rọ́bà yẹn," ló wí láìwojú ìyàwó rẹ̀, "abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo jù ú sí."

Wọ́n da omi àgbá nù, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ òmíràn. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Páìpù fúnra rẹ̀ ló ń po iyọ̀ mọ́ omi tuntun, òun ló ń fi díẹ̀díẹ̀ pààrọ̀ ti inú àpótí, tó sì ń kó èédú tuntun tó ń fa kọ́pà mọ́ra sínú asẹ́ rẹ̀. Onídìrí ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ṣètò láti ṣe é tó bá yá.

Ọjọ́ Àìkú pé, Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú korobá onídèérí méjì. Ó ti ń sọ̀rọ̀ látẹnu ọ̀nà pé kẹ́nikẹ́ni má bínú. Ó wọ pálọ̀, ó sì kọjú sí àpótí gíláàsì.

Òdòdó ti tanná. Ó na gbogbo apá rẹ̀ síta kẹlẹlẹ, ó tóbi ju bó ṣe rí láyé Bàbá lọ, ẹja ń wọ àárín rẹ̀, wọ́n ń jáde. Korobá bọ́ sílẹ̀ gbàǹgbàlà. Ẹ̀gbọ́n lẹ iwájú orí mọ́ gíláàsì, ó dúró síbẹ̀ pẹ́, nígbà tó sì yíjú padà, omi ti bo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mọ ẹni tó gbé e fún," ló wí.

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ẹ̀mú gígùn náà yọ. "Mo fẹ́ fi gbé òkúta rẹ̀ sínú korobá ni mo ṣe mú un dání. Gbà. Fún un lóúnjẹ kí n rí i."

Onídìrí kúnlẹ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó fi ẹ̀mú náà mú ẹran edé kan, ó rọra tì í bọ inú omi, Òdòdó sì káwọ́ mọ́ ọn gbàmù. Ọ̀gá Páìpù hó yèè lẹ́yìn wọn bíi pé òun ló bí i.

Onídìrí wá mú ìyarun rẹ̀ lórí àpótí náà, ó nù ún gbẹ, ó sì fi há irun orí rẹ̀.