Àdúrà Ìparí Níwájú Fóònù

Kò sí àmín. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè díẹ̀ — "Bàbá, bù kún wa!" — mo dúró. Kò sí. Bí ẹni tó sọ òkúta sí kànga tí kò gbọ́ kó dún.

Ó dára. Fara balẹ̀. Ẹnu mi ń bá àdúrà lọ fúnra rẹ̀, ó ti mọ ọ̀nà. Jẹ́ kí ọkàn mi ronú. Ojú mi wà ní dídì. Fóònù wà níwájú mi, ó fẹ̀yìn ti agolo tòmátì lórí tábìlì. Inú fóònù yẹn ni gbogbo àwa pásítọ̀ tó ti fẹ̀yìntì wà, àwa àti àwọn aya wa, láti Ṣábẹ̀ títí dé Parakou. Ìpàdé àkọ́rọ̀ òjò wa ni. Tẹ́lẹ̀, Parakou la ti máa ń ṣe é, a ó wọ mọ́tò, a ó jẹun, a ó sùn sí ilé ìjọ. Ṣùgbọ́n orúnkún ti kọ mọ́tò, ìpàdé sì di orí fóònù. Èmi ni wọ́n ní kí n gba àdúrà ìparí.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó yé ènìyàn nípa àdúrà gbígbà ní gbangba. Bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù nìyí: àmín ni ìjánu. Àmín tó kún ẹnu, máa lọ. Àmín tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ebi ti ń pa wọ́n, kó ẹrù rẹ jọ. Àmín tí wọ́n ṣe kí o tó sọ ohun tí o ń tọrọ — ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ń wá bàtà wọn. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Tchatchou, ní Kika, àti níbí ní Tchaourou, n kò fi aago parí àdúrà rí. Àmín ló ń bá mi parí rẹ̀.

Báyìí wá ni… kò sí.

Bóyá wọ́n ń ṣe é, n kò kàn gbọ́ ni. Ọlátúnjí, ọ̀dọ́ pásítọ̀ tó ń darí ìpàdé láti Parakou, ló ní: "Ẹ̀yin tonton, ẹ̀yin tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa micro yín. Ẹni tó ń gbàdúrà nìkan ni ká máa gbọ́. Ewúrẹ́ ti pọ̀ jù nínú ìpàdé yìí." Voilà. Ó ti pa ohùn gbogbo wọn. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín bí ẹja inú omi.

Tàbí wọn kò sí níbẹ̀.

Áà. Adéyẹmí… Ní àkọ́rọ̀ èṣí, Adéyẹmí ti Ṣábẹ̀ ló gba àdúrà ìparí, réseau, ìsopọ̀ fóònù, sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Kò mọ̀. Ó ń bá a lọ. A ti dágbére fún ara wa, a ti ń jẹun, kí ìyàwó rẹ̀ tó yọ́ lọ sí ilé ìdáná lọ fi fóònù tirẹ̀ pè wá: "Ẹ gbà mí o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọkọ̀ Nóà ni!" Ta ló rẹ́rìn-ín jù? Èmi. Ta ló ń pè é ní Pásítọ̀ Ògiri láti ọjọ́ náà? Èmi náà ni. Bí réseau bá ti já mọ́ èmi náà lẹ́nu… Ọkùnrin yẹn ti ń dúró dè mí láti èṣí. Ó ní sùúrù.

Ṣé kí n la ojú kan? Ọ̀kan péré, ti òsì — rárá. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Ojú mi ló kún fóònù gbogbo wọn báyìí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àwòrán rẹ̀ máa ń tóbi. Èmi tí mo fa etí ọmọdé títí nítorí ojú lílà! Adéyẹmí á ní òun rí mi. Báwo ni yóò ṣe rí mi bí òun náà kò bá lajú? Ìbéèrè dáadáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n Adéyẹmí kì í tijú.

Bon. Má lajú. Máa tọrọ nǹkan. Kí ló kù? Mo ti gbàdúrà fún òjò. Mo ti gbàdúrà fún iṣu, kó ta nínú ebè. Fún kajú, kí òjò jẹ́ ká ṣà á tán. Fún ọ̀nà Kika. Fún opó Tchatchou, kí ilé rẹ̀ má jò. Mo gbàdúrà fún ọkọ̀ ojú irin, kó tún máa kọjá — n kò mọ ibi tí ìyẹn ti wá. Mo gbàdúrà fún Adéyẹmí, mo dárúkọ rẹ̀, mo ní kí Olúwa fún un ní ọkàn tó ń dárí jini. Kò sí àmín. Àní fún ìyẹn pàápàá!

Ó tán. Ta ló kù láyé tí n kò tíì gbàdúrà fún?

Èjìká kan wà tó kan tèmi.

Èjìká Àmọ̀kẹ́ ni. Ọlátúnjí ló ní, "Tonton, ẹ sún mọ́ tata, ìdajì orí wọn là ń rí," la bá há ara wa mọ́ orí bẹ́ǹṣì kan. Ó sì ní ẹni tó ń gbàdúrà nìkan ni ká máa gbọ́, bóyá inú ni òun náà ń ṣe àmín tirẹ̀ sí. Ẹ wò ó… n kò gba àdúrà ìjọ pẹ̀lú ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí. Báwo ni yóò ṣe ṣẹlẹ̀? Pásítọ̀ wà níwájú, ìyàwó rẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ wà nínú ohùn ìjọ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. N kò sì dárúkọ rẹ̀ rí. A kì í ṣe é. Ìjọ á ní pásítọ̀ ń bù fún ilé ara rẹ̀ kó tó bù fún àlejò. "Bàbá, rántí gbogbo ìyá ìjọ" — ibẹ̀ ni mo máa ń fi í sí, pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ó dára, òun ló kù. Á gbé mi dé ibì kan. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Mo sì mú Àmọ̀kẹ́, ìránṣẹ́bìnrin rẹ, wá síwájú rẹ…"

Èjìká yẹn dúró gbọin. Ó ń mí tẹ́lẹ̀. Kò mí mọ́.

"…pé kí o fún un ní… Bàbá, kí o fún un ní…"

Kí ni?

Ìbéèrè tó rọrùn ni. Mo mọ ohun tí opó Tchatchou ń fẹ́: páànù. Mo mọ ohun tí Adéyẹmí ń fẹ́: ẹ̀sín mi. Kí ni Àmọ̀kẹ́ ń fẹ́? Ìlera — gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ìlera, ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Àlàáfíà… akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fún mi ní irú ìdáhùn yẹn, n ó ní kó padà jókòó. Ó ń jí ṣáájú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo òpópó. Bí mo bá ní, "Kí lò ń wò?" á ní, "Kò sí nǹkan kan, Bàbá Ṣìkẹ́mi," èmi náà á sì padà sídìí ìwé mi. Kí ló ń wò? N kò mọ̀. Mo mọ ohun tí gbogbo àgbègbè yìí ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi…

Ẹnu mi dákẹ́. Ó dákẹ́ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wà nínú fóònù, wọ́n á rò pé réseau ló lọ. Bí wọn kò bá sí, wọn kò sí. Kí Adéyẹmí máa rẹ́rìn-ín.

Olúwa, jọ̀ọ́, dúró ná. Jẹ́ kí n bi í léèrè.