Àṣẹ Tí Tísà Badmus Kò Gbà

Bí o bá fẹ́ dá àwọn tí Tísà Badmus kọ́ mọ̀ ní Ìkàrẹ́, sọ fún wọn pé, "Ta ló fún ẹ láṣẹ?" Ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi kọ́ni ní Gọ́fúmẹ̀ǹtì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, ní ilé ìwé girama, ìbéèrè yìí ló sì máa ń bá a wọ kíláàsì. Bí o bá jókòó sí àga tí kì í ṣe tìrẹ, ta ló fún ẹ láṣẹ? Bí gómìnà bá ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé òfin, ta ló fún un láṣẹ? Kódà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ọlọ́kadà kan gbé e gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ ní àdúgbò Jùbílì, Tísà sì bi í títí ó fi yí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Ẹ wá wo bí inú rẹ̀ ṣe ru lọ́jọ́ tí Ààrẹ kó ọmọ ogun kọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Agbẹnusọ Ààrẹ ní kì í ṣe ogun, ó ní ìrànlọ́wọ́ lásán ni.

"Ìrànlọ́wọ́ tó gbé ìbọn dání!" Tísà pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Àwọn aṣòfin ńkọ́? Ta ló fún un láṣẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà kàn án ju bó ṣe kan ẹlòmíì lọ. Ashraf, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun àti Raliat ìyàwó rẹ̀ bí, wà nínú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló sì kù kí wọ́n so yìgì Ashraf àti Nafisah ní Ìwàrò-Ọ̀kà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún ọjọ́ yìgì náà síwájú nítorí iṣẹ́ ológun. Alhaji Ọlálérè, bàbá Nafisah, tó ń la pákó ní Ìwàrò, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ti ẹ̀ẹ̀kẹrin: "Bí eléyìí bá tún yẹ̀, Tísà, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ." Alhaji kì í sì í pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà.

"Ẹ lọ bẹ Alhaji," ni Raliat wí. "Èèyàn ni wọ́n, wọn yóò gbọ́."

Ṣùgbọ́n Tísà kò fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀, òfin ló fẹ́ràn. Ó jókòó, ó ronú, ó sì rántí pé ẹ̀sìn fàyè gbà á kí ọkọ ìyàwó rán wákíìlì, ìyẹn aṣojú tí yóò dúró fún un níwájú àwọn àáfà, tí yóò sì bá a gba ìyàwó. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọkọ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ rán an. Wọ́n sì ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo àwọn ọmọ ogun.

"Ṣebí èmi ni mo bí i," ni Tísà sọ fún ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ mọ́tò, ó di Ọ̀kà.

Alhaji Ọlálérè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Tísà kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ pé, "Alhaji, Ashraf ló rán mi. Ó ní bí òun kò bá tètè dé, kí n jẹ́ wákíìlì òun. Yìgì kò ní yẹ̀."

Alhaji fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. Wọ́n gbé iyán wá. Tísà jẹ ẹ́ dé ìdí abọ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó yin ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Nafisah ló sìn ín dé ojú títì. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìṣùà, ó sì wà lára àwọn tí Tísà kọ́ gbẹ̀yìn kó tó fẹ̀yìn tì. Ó bá a gbé báàgì, ó ń rìn jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ìgbà wo ni Ashraf rán yín?"

"Àná," ni Tísà dáhùn.

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gba fóònù wọn, òní sì ti di Ọjọ́rú. Ó pè mí kí wọ́n tó gbà á. Ó ní kò sí ẹni tí òun tún lè pè títí wọn yóò fi dá a padà."

Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nafisah dúró kí ó wúkọ́ tán. Ó wá kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó sì rọra bi í pé, "Bàbá, ta ló fún yín láṣẹ?"

Tísà wọ mọ́tò láìdágbére.

Nígbà tí Raliat gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ọmọ yẹn gbọ́n!" ló ń wí. Lẹ́yìn náà ló gé ẹ̀rín. "Ẹ padà lọ sọ òótọ́ fún Alhaji."

"Bí mo bá sọ ọ́, ìgbéyàwó tú nìyẹn! Bí wọ́n bá ti dá fóònù Ashraf padà, màá bi í, yóò gbà, ọ̀rọ̀ yóò sì tò."

Raliat fa abọ́ ẹ̀wà mọ́ra. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun náà, Tísà àti Raliat sì gbé àga síwájú tẹlifíṣọ̀n. Tísà ti ṣe ìṣirò tirẹ̀: bí wọ́n bá kọ̀, ó di dandan kí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun wálé, Ashraf yóò sì bá ọjọ́ yìgì. Wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ. Ó ní òun ti kó wọn lọ ná nítorí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pàjáwìrì, pé kí ilé jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i báyìí, kí gbogbo rẹ̀ lè tò.

Raliat yíjú, ó wo ọkọ rẹ̀. Tísà ṣe bí ẹni pé kò rí i.

Sẹ́nétọ̀ Akíndèjì dìde. Ọmọ ilé ìwé Tísà ni, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń sùn ní ẹ̀yìn kíláàsì. "Ààrẹ kò béèrè ààyè lọ́wọ́ wa," ló wí. "Ó kàn fẹ́ ká bá òun ru ẹrù tí òun ti dì tán ni. Bí a bá kọ̀, àwọn ọmọ wa ti wà lójú ìjà, ìtìjú ni. Bí a bá gbà, kí ló kù tí à ń gbà sí? Olùkọ́ mi kan ní Ìkàrẹ́ kò ní gba irú èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ bàbá ẹni ló ṣe é."

Láyé àtijọ́, Tísà ìbá ti jó yí ilé ká. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn rì sínú àga ni. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ fi gbóná. Ilé fọwọ́ sí i níkẹyìn, ṣùgbọ́n Akíndèjì jà títí wọ́n fi fi gbèdéke sí i: ọgọ́ta ọjọ́, kò gbọdọ̀ lé ní ẹyọ kan. Ashraf kò ní bá ọjọ́ yìgì mọ́.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, Tísà padà sí Ọ̀kà. Ó bá Alhaji lábẹ́ igi níwájú ilé, Nafisah sì ń gbé omi fún un.

"Alhaji, irọ́ ni mo pa," ló wí, kò jókòó. "Ashraf kò rán mi. N kò ní àṣẹ kankan. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ó kọ ọmọ mi sílẹ̀."

Alhaji mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀. Nafisah sọ fún mi kí mọ́tò tó gbé yín tó kọjá ilé ìlapákó mi. Mo ń dúró wò bóyá ẹ ó padà wá. Ká ní ẹ kò wá, Tísà, mi ò ní fi ọmọ mi sílé yín."

Tísà jókòó. "Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́," ni Alhaji tún wí. "Èmi ni mo dá a, èmi náà ni mo sì ń fi ìhàlẹ̀ lé e kiri. Ta ló bi ọmọ yìí léèrè?"

Àwọn méjèèjì wo Nafisah. Ó gbé ife kúrò nílẹ̀.

"Màá dúró dè é," ló wí. "Ọgọ́ta ọjọ́. Bó bá di ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta, èmi fúnra mi ni màá lọ gbé e wá láti bárékè." Alhaji bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rín in láti ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, fóònù Tísà dún. Ashraf ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá mi, ara mi le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Alhaji kí wọ́n dúró dè mí. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí, àwọn ará ilé rẹ̀ ti so yìgì rẹ̀ láìsọ fún un. À ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ọmọkùnrin náà ń sunkún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún mi bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ pé mo gbà á, kí Nafisah máa wò mí."

Omi lé sí Tísà lójú. Raliat gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó máa ṣe é, ọmọ mi," ló wí. "Bàbá rẹ ti rí sí i."

Tísà wò ó. Raliat di ojú kan sí i, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.