Iyọ̀ Inú Báàfù Ẹ̀yìn

"Ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ tọ́ ọ wò." Chunja já ewé kábéèjì kan nínú báàfù ńlá tó wà lẹ́yìn, ó nà án sí gbogbo wọn. "Tí kì í bá ṣe omi òkun la bù sínú eléyìí, kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Àwọn obìnrin tó kóra jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn já tiwọn náà, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n sì tu ú dànù. Iyọ̀ ti ba kábéèjì jẹ́. Ó ti rọ̀ bí àkísà tí wọ́n fi nulẹ̀. Báàfù iwájú dáa ní tiẹ̀, àmọ́ báàfù ẹ̀yìn yìí ló tóbi jù, òun ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe kimchi, kábéèjì oníyọ̀ aláta tí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, fún àwọn arúgbó tó ń dágbé láwọn abúlé Haenam ní Korea. Òtútù ti dé. Tí kimchi yẹn ò bá sí, kí làwọn arúgbó yẹn fẹ́ máa fi jẹ ìrẹsì títí yìnyín á fi yọ́?

"Ta ló wọ́n iyọ̀ sí báàfù ẹ̀yìn lánàá?" Chunja ló ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

"Èmi ni, mà," Arum dáhùn.

Arum ni ìyàwó tó kéré jù nínú wọn. Òun àti ọkọ ẹ̀ ò tíì pẹ́ tí wọ́n kó dé láti Seoul, ọdún yìí sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kó fọwọ́ kan iyọ̀. Àlùbọ́sà eléwé ló máa ń fọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Mo sọ ọ́," Chunja ní. "Ẹni tó ń ra kimchi inú ike jẹ látọjọ́ tó ti dáyé, kí ló mọ̀ nípa iyọ̀?"

"Mà, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe é. Abọ́ tẹ́ ẹ fún mi ni mo fi bù ú, mo wá ń wọ́n ọn sáàárín ewé díẹ̀díẹ̀..."

"Iyọ̀ wá bímọ mọ́jú nìyẹn."

Ẹ̀rín sọ. Arum ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ìbọ̀wọ́ rọ́bà aláwọ̀ osùn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ bi Ìyá Ìjọ léèrè," Chunja yíjú sí màmá tó ń po ata lápá kan. "Ìyá Ìjọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?"

Malsun ni orúkọ màmá yẹn, àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pè é. Kò gbójú sókè. "Kò ṣẹlẹ̀ rí," ló sọ. Òótọ́ sì ni.

Ohun tí kò sọ ni pé lánàá, nígbà tí Arum sáré lọ mú ọmọ ẹ̀ níléèwé, òun Malsun gba ẹ̀yìn kọjá. Ó fọwọ́ tẹ kábéèjì, ó rí i pé ó ṣì le gbagidi. Ó ní ọmọ yìí ti ṣahun iyọ̀, àwọn ọmọ Seoul yìí náà ṣá. Kò tọ́ omi ẹ̀ wò. Kí ló fẹ́ tọ́ ọ wò fún? Ṣebí ọwọ́ tí gbogbo Haenam ń yìn ni tiẹ̀. Ó bu iyọ̀, ó tún bù ú, ó wọ́n ọn yí ká. Kò mọ̀ pé Arum ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n tiẹ̀ ni, iyọ̀ ò tíì ráyè wọlé. Kò sẹ́ni tó rí i.

"Bóyá iṣẹ́ èṣù ni," Malsun sọ wẹ́rẹ́. "Kò fẹ́ ká bọ́ àwọn arúgbó yẹn."

"Ìyá Ìjọ, èṣù ò ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà," Chunja ní.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Tàbí kẹ̀ iyọ̀ ọdún yìí ló mú jù," Malsun tún ní.

"Báàfù iwájú wá ńkọ́? Ṣebí inú àpò kan náà la ti bù ú."

Malsun ń po ata tó ti pò tán.

Pásítọ̀ Tak ló jáde sí wọn. Ó gbọ́ ariwo, ó rí ojú Arum, ó ní kí gbogbo wọn wọlé wá gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí kálukú bẹ Olúwa fún àṣìṣe tiẹ̀. Wọ́n wọlé. Wọ́n pe Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn òkè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, gbogbo wọn sì yanu lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń gba tiẹ̀. Ilé gba ariwo kan bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ sórí páànù. Lọ́tùn-ún, Chunja ń jà fún orúnkún ẹ̀. Lósì, Arum ń sunkún, ẹnu ẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde.

Malsun di ojú pinpin. "Baba, èmi ni. Èmi ni mo tún iyọ̀ bù sí i. Ìgbéraga ló mú mi. Ẹ dárí jì mí." Kò sọ ọ́ sínú o, ó pariwo ẹ̀, àmọ́ ariwo àwọn yòókù bò ó mọ́lẹ̀.

Pásítọ̀ lu agogo kékeré tó wà lórí pẹpẹ. Tin. Gbogbo ẹnu pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, ti Malsun náà. Àyà ẹ̀ fúyẹ́. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Arum dúró síwájú wọn, ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, mà. Bóyá mo wọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì, tí mi ò mọ̀."

"Ó ti tán," Chunja gbá a léjìká. "Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wàá padà sídìí àlùbọ́sà ẹ."

"Mi ò rò pé mo tún máa wá mọ́, mà." Ó rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó gbé e sétí báàfù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí Malsun. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n fẹ́ dá padà sídìí àlùbọ́sà.

"Pásítọ̀, ẹ dúró," ó ní. "Mo fẹ́ tún àdúrà mi gbà."

"Ká tún wọlé ni, mà?"

"Ibí yìí náà ti tó. Kẹ́nikẹ́ni má gbà á pẹ̀lú mi."

Kò di ojú. Arum ló kọjú sí. "Lánàá, lẹ́yìn tó o lọ mú ọmọ ẹ, mo wá síbí. Mo tẹ kábéèjì ẹ, mo ní o ò mọ nǹkan tó ò ń ṣe. Mo tún iyọ̀ bù sí i. Láàárọ̀ yìí wọ́n ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín, mo dákẹ́. Iyọ̀ kọ́, èṣù kọ́. Èmi ni."

"Ẹ ò rí ìyá," Chunja sọ, omi ti ń lé sójú ẹ̀. "Wọ́n fẹ́ bá ọmọ ọlọ́mọ ru ẹ̀bi ẹ̀. Ìfẹ́ Kristi nìyẹn."

Ẹnì kan ti ní "Àmín." Arum gan-an ti fẹ́ tẹrí ba dúpẹ́. Tí Malsun bá panu mọ́ báyìí, á tún gbayì sí i ni.

"Chunja, fi ìfẹ́ Kristi sílẹ̀. Lọ wo abẹ́ àkàbà yẹn. Abọ́ aláwọ̀ ewé tí mo fi bù ú wà níbẹ̀, mi ò fọ̀ ọ́."

Chunja lọ wò ó. Nígbà tó gbé abọ́ yẹn jáde, iyọ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín mọ́.

Malsun kúnlẹ̀ sídìí báàfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ lásán kó kábéèjì bọ́ sínú omi tuntun. Omi yẹn tutù débi pé ọwọ́ ẹ̀ pọ́n kíá. Kò bẹ Arum pé kó má lọ. Ojú ń tì í.

Arum já ewé kan, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó rò ó.

"Tá a bá ń pààrọ̀ omi ẹ̀," ó ní, "tá a wá ki gbòǹgbò rádíṣì tí ò níyọ̀ sáàárín, ká sì dín edé oníyọ̀ tá a fẹ́ pò mọ́ ata kù, bóyá ó ṣì máa ṣeé jẹ."

"Ṣé o rò bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà." Kò rẹ́rìn-ín sí i. Ó fa ewé yẹn ya, ó na ìdajì sí i. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Malsun nu ọwọ́ tútù ẹ̀ mọ́ aṣọ, ó gbà á, ó sì tọ́ ọ wò.