Ààbọ̀ hóró létí ìró mi

Ṣé kí n gbé e mì báyìí? Ààbọ̀ hóró oògùn ló kù, mo so ó mọ́ etí ìró. Bí mo bá gbé e mì báyìí, á ti ṣiṣẹ́ kí ìyá ọkọ mi tó dé. Màá lè kúnlẹ̀ kí wọn, màá rẹ́rìn-ín, wọn á rí i pé... Kí ni màá wá fi gbé oúnjẹ alẹ́ mì, nígbà tí ọ̀fun mi ò lágbára láìsí i? Kò sí òmíràn. Ọkọ mi, bàbá Hàwáù, tún gba ẹnubodè Sèmè lọ wá a láàárọ̀, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti ibodè pa, ibẹ̀ sì ni oògùn ti ń wá.

"Mò ń bọ̀ wá mú ọmọ ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ mi ní Pobè." Ohun tí Ìyá, ìyá ọkọ mi, ní kí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. "Abiyamọ wo ló ń wo ọmọ bí ẹni ń wo ògiri?"

Àríkẹ́ ará ilé wa ló lọ rò fún wọn — ẹnu rẹ̀ á... Rárá. Kí ló parọ́ níbẹ̀? Hàwáù rèé lórí ẹsẹ̀ mi, ọmọ oṣù mẹ́fà. Mo ní kí ojú mi rẹ́rìn-ín sí i. Mo tún sọ. Ètè mi fà sókè lápá kan bí ẹni tó ń kanra. Ìpéǹpéjú já wálẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rán débẹ̀ o! Èmi tí mò ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo mọ̀ pé ó dé. Fọ́nrán tó ti ọpọlọ wá gbé e dé etí ẹran ara, ó tú èròjà tó jẹ́ ońṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ara ẹran náà ni ilẹ̀kùn wà, kékeré tí ojú ò lè rí, ẹyọ márùn-ún tó forí korí, tí wọ́n sé àárín mọ́. Ońṣẹ́ kì í wọlé. Yóò kàn jókòó sáyè tirẹ̀ níta, ọ̀kan níhìn-ín, ìkejì lọ́hùn-ún, àwọn márààrún á sì yí díẹ̀, díẹ̀ báyìí, àárín wọn á là, iyọ̀ á ya wọlé, ẹran ara á sún kì. Bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkúnlẹ̀.

Tèmi... àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ mi, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló lọ jókòó sáyè ońṣẹ́. Dókítà ló sọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ tèmi o! Bí àwọn ọmọ kọ̀mítéè àdúgbò tó ń wá ọ̀tá Ìyípadà ìjọba kiri, tí wọ́n wá ń mú onílé. "Kámáráàdì olùkọ́, ìkúùkù yín dà?" Apá mi ò gbé sókè nídìí àsíá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́hùn-ún, wọ́n ní mo kórìíra ìjọba. Nílé níbí, wọ́n ní mo kórìíra ọmọ. Ta ni màá ṣàlàyé ilẹ̀kùn fún? Ó sú mi. Ọlọ́run, ó sú mi.

Oògùn pàápàá kì í lé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Ó kàn ń jẹ́ kí ońṣẹ́ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá yóò ráyè.

Hàwáù ń wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn? Ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ bíi tèmi... àbí àrùn mi ti mú un? Àbí ojú mi ló ń wò kọ́ —

Ohùn Ìyá nìyẹn, lágbàálá. Wọ́n ti dé. Wọ́n ń kí àwọn ará ilé, oògùn ṣì wà létí ìró, ó ti pẹ́ jù.

Hàwáù yí orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta. Ohùn yẹn tún dún, ọmọ bú sẹ́rìn-ín — ẹ̀rín tó ń mi gbogbo ikùn rẹ̀ lórí itan mi.

Ẹ̀rín wà níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ọmọ mi ló dá ṣáká. Kò sẹ́ni tó ń kàn án ni. Èmi ni mi ò rí i kàn.

Ìyá ò ṣìkà. Wọn á mú un lọ, ó sì yẹ kí wọ́n mú un lọ.

Mo tú etí ìró. Mo ju ààbọ̀ hóró náà sẹ́nu, ó korò. Kì í ṣe torí ìyá ọkọ mi mọ́. Kí wọ́n pẹ́ níta kí oògùn ráyè ṣiṣẹ́, kí wọ́n béèrè ọmọ àwọn ará ilé, kí wọ́n béèrè ọkọ wọn, kí wọ́n kí gbogbo àdúgbò Gbégamey tán. Kí n ṣáà lè rẹ́rìn-ín sí Hàwáù lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ.