Orílẹ̀-èdè Mẹ́ta Lójú Ìwé Kan

Wádìí ni wọ́n ń pè é ní iléeṣẹ́ ìṣúná, torí kì í rí ọ̀rọ̀ kó má tú u wò. Lọ́sẹ̀ tí báńkì ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín ọmọdé, ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo: kí ni orílẹ̀-èdè mẹ́ta kan ṣe nígbà tí báńkì tiwọn fẹ́ wó?

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ìjọba kìíní ra gbogbo gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì. Èkejì kówó sí wọn, ó sì sọ wọ́n di tirẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ kí wọ́n wó. Owó àwọn oníbàárà nìkan ló san padà. Òun ló náwó kéré jù, ṣùgbọ́n ẹgbàárùn-ún òṣìṣẹ́ ló wáṣẹ́ tì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ń gbowó ní kántà báńkì tó ń mì yìí. Ó pè é lórí fóònù.

"Wádìí, ẹ ò ní jẹ́ ká rì, àbí?"

"Àǹtí mi, mo ti búra níbiṣẹ́. Mi ò lè sọ nǹkan kan."

"Ìwọ tí mo kọ́ ní ení, èjì!" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Tí Wádìí bá gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sókè, wọn á ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìjọba tó náwó kéré jù ló fi ṣáájú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ó gbàgbé ohun tí gbogbo wọn fi ń ṣẹ̀fẹ̀: ọ̀gá kì í mú ìwé lọ bá mínísítà láìká a sí méjì, ìdajì òkè nìkan ni mínísítà sì máa ń kà.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò ní ìjọba ò ní gba báńkì náà sílẹ̀. Owó oníbàárà ò ní sọnù.

"Wádìí, ìwé rẹ mà ṣiṣẹ́ o!" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n sì lọ jẹun. Ó ku òun àti fáànù, àti àga òfìfo mẹ́fà.

Fóònù dún.

"Ṣé o kọ ọ̀rọ̀ tiwa síbẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, Àǹtí mi."

"Ó tán nìyẹn. O ṣeun." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ì bá tiẹ̀ sàn ká ní ó bú u.

Ìwé náà ti padà láti ọ̀dọ̀ mínísítà sórí tábìlì rẹ̀. Ó ṣí i. Àmì ìka ọwọ́ ti kún ìdajì òkè. Ìdajì ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní, bó ṣe jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.