Àìsàn Ráńpẹ́

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1996, Mojíre ìyàwó mi kú. Ọjọ́ Àìkú ni. A sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, nínú ọgbà ilé wa ní Ìlàrè, ní Ifẹ̀.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló béèrè ohun kan náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí Ọlọ́run tù mí nínú, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí ló tiẹ̀ ṣe Màmá Ìfẹ́dayọ̀ gan-an?" Mo dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà. Mo ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Ohun tí a kọ sára pósítà òkú tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà nìyẹn, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ fún gbogbo òkú. Àwọn kan mi orí. Àwọn kan wo ara wọn lójú.

Ó ní ìdí tí wọ́n fi wo ara wọn. Aṣọ ni Mojíre ń rán. Yàrá iwájú ilé wa ló ti ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà dé, ó ń lọ sí ọsibítù kan. N kò ní dárúkọ ọsibítù náà. Ẹnìkan ní yàrá tí wọ́n ń kó káàdì sí níbẹ̀ ka káàdì rẹ̀, ó sì délé sọ ohun tó kà. Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá mú àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ. Ọ̀kan ní ọmọ òun ń lọ sí Èkó. Òmíràn ní irun dídì ló wu ọmọ òun. Àwọn oníbàárà wá ń gba aṣọ wọn láìrán. Obìnrin kan fi ọ̀rá bo ọwọ́ kó tó gba tirẹ̀.

Mojíre kò sunkún. Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì pè mí.

"Bàbá Ìfẹ́dayọ̀, ẹ jókòó. Ohun tí wọ́n ń sọ níta yẹn, àhesọ ni. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá fi ẹnu yín sọ ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kú pàápàá, ẹ má sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́."

"Títí kan pásítọ̀ o."

"Mo ti gbọ́."

Ìlérí tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á náà, n kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ní oṣù kejì ọdún 1997, Ìyáàfin Olúbùnmi wá sílé mi. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka ìlera ní káńsù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì béèrè ohun tó pa ìyàwó mi. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

"Bàbá, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo bá wá o. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi jáde, ẹ tètè lé mi."

"Sọ ọ́ ná."

Ó ní ìjọba ní Òṣogbo fẹ́ kó gbogbo káàdì ọsibítù sínú kọ̀ǹpútà. Àìsàn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, ìgbà tó ṣe é, oògùn tó lò.

"Ta ni yóò máa rí i?" ni mo béèrè.

"Ìyẹn gan-an ni kò sẹ́ni tó mọ̀, Bàbá. Wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan kó ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn jọ, kí wọ́n wá sọ ẹni tó yẹ kó rí i àti ẹni tí kò gbọdọ̀ rí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́: nọ́ọ̀sì kan, lọ́yà kan, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kan. Kò sí owó níbẹ̀. Bí a ò bá rí wọn kó jọ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láìsí wa."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ẹ ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà òun lẹ́nu yín rí. Bí ẹ̀yin bá lọ bá wọn, wọ́n á gbọ́."

Mo mọ̀ pé ó ní ìdí kejì. Kò sọ ọ́, n kò sì béèrè. Mo gba ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Alhaja Fàrídà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mátíróònì ni kó tó fẹ̀yìn tì. N kò tí ì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi na ọwọ́.

"Bàbá Ìfẹ́dayọ̀, ẹ mú bírò wá. Ohun tí àwọn aláìsàn ti sọ sí mi létí yìí, bí mo bá ní kí n tú u síta, ìgbéyàwó mélòó ni yóò ṣẹ́ kù ní Ifẹ̀?" Ó ní Bìsìmíláì, ó fọwọ́ sí i. "Ta ló kù?"

"Lọ́yà Ògúndèjì."

"Háà. Aláwàdà yẹn. Ẹ lọ ní sùúrù o."

Ọ́fíìsì Ògúndèjì kò jìnnà sí kóòtù. Ó ka ìwé náà, ó fi ẹ̀yìn ti àga.

"Bàbá, ẹjọ́ láìsí ẹ̀rí, ọbẹ̀ láìsí iyọ̀ ni. Ta ni wọ́n tú àṣírí ẹ̀? Àìsàn wo ló ṣe é?"

Mo wò ó.

"Ẹ̀yin ará pósófíìsì!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá mú lẹ́tà wá, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí á ti kú. Tí a bá tún bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀ ń wo èèyàn bí ẹni tó ń wá sítáǹpù."

"Ṣé ẹ ó fọwọ́ sí i àbí ẹ ò ní fọwọ́ sí i?"

"Bí Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ bá fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí i. Òun ló mọ kọ̀ǹpútà ní ìlú yìí. Bí ò bá sí níbẹ̀, àwọn ará Òṣogbo á kàn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Báyìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe wá já lé Ọmọ́tọ́ṣọ́ lórí. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni ní yunifásítì. N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a nílé rẹ̀, láàárín àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn olùkọ́. Ó fún mi ní omi, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì láàárín wa.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jókòó sí ìgbìmọ̀ ìjọba rí. Wọ́n gba orúkọ wa, wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n ti ìmọ̀ràn wa mọ́ inú àpótí, wọ́n sì lọ ṣe ohun tó wù wọ́n. Kí ló máa gbé mi lọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta?"

"Bí ẹ ò bá lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Àwọn èèyàn yẹn ò bẹ̀rù ìmọ̀ràn. Ẹ̀rí ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ fún mi ní ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ka káàdì ẹ̀ síta, tó sì jìyà ẹ̀. Orúkọ ẹ̀, àìsàn ẹ̀, ohun tójú ẹ̀ rí. Tí mo bá ní ìyẹn lọ́wọ́, mo lè bá wọn jà."

Ó sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Wọ́n ní ìyàwó yín ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, Ifẹ̀ ò tóbi tóyẹn. Kí ló ṣe wọ́n?" Ó yọ ìdérí bírò rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n fọwọ́ sí ìwé yìí lójú yín báyìí."

Mo wo ẹnu bírò náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mojíre ti kú, kò ní gbọ́. Bí mo bá sọ ọ́, Ọmọ́tọ́ṣọ́ yóò wọlé, Ògúndèjì yóò wọlé, wọn yóò sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni tó ka káàdì Mojíre síta. Bí n kò bá sọ ọ́, káàdì gbogbo ìlú yóò lọ sínú ẹ̀rọ kan tí kò ní ẹ̀ṣọ́. Mo ya ẹnu.

Mo gbé ojú sókè kí n má bàa wo ojú rẹ̀ bí mo bá ń sọ ọ́. Pósítà òkú kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó. Bàbá àgbà kan tó dé fìlà ló wà níbẹ̀. Mo ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá yín nìyẹn?"

Ó wẹ̀yìn. "Àwọn ni."

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ráńpẹ́ tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Mo ní báwo ló ṣe pẹ́ tó."

Ó tún wo pósítà náà. "Ọdún mẹ́fà," ni ó wí.

"Mi ò béèrè ohun tó ṣe wọ́n," ni mo wí. "Mi ò sì ní béèrè."

Ó fi ìdérí bo bírò. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ sílé, Bàbá."

Ìwé náà wà lórí tábìlì nígbà tí mo jáde. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Epo mọ́tò wọ́n ní ìgbà náà, n kò rí ọ̀kadà, mo fẹsẹ̀ rìn dé géètì yunifásítì. Mo bínú sí Ọmọ́tọ́ṣọ́. Nígbà tí mo rìn síwájú díẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe òun ni mò ń bínú sí. Mojíre ni. Mo ń bínú sí òkú, nítorí ó gbé ẹrù lé mi lórí, ó sì lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. A pàdé nínú gbọ̀ngàn kékeré ní káńsù. Olúbùnmi jókòó pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé níwájú rẹ̀. Alhaja Fàrídà wà níbẹ̀. Ògúndèjì jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Ọ̀gbẹ́ni Àtàndá, ẹni tí wọ́n rán wá láti Òṣogbo, ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹni kọ̀ǹpútà dà?"

"Ó ń bọ̀," ni Olúbùnmi wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń bọ̀.

Àtàndá dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó pa fáìlì rẹ̀ dé. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Mo tún ní ìlú mìíràn láti dé lónìí."

Ó ti dìde nígbà tí ọkọ̀ kan dúró síta. Ọmọ́tọ́ṣọ́ wọlé. Ó tẹrí ba kí Alhaja, ó tẹrí ba kí èmi náà, ó sì gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i. Ògúndèjì wò ó, ó fa ìwé mọ́ra, ó fi tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ni Àtàndá wí, ó padà jókòó. "Ohun kan ló kù. Òṣogbo ní kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ àpẹẹrẹ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ wọn, kí ọ̀gá lè mọ ìdí tí a fi jókòó. Bàbá Lágúnjú, mo gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ nílé yín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Orúkọ olóògbé?"

"Mojíre Lágúnjú."

Olúbùnmi kọ ọ́.

"Àìsàn tó ṣe wọ́n?"

Ògúndèjì gbé orí sókè. Ó pẹ́ tó ti fẹ́ gbọ́ ọ. Alhaja wo ilẹ̀. Bírò Olúbùnmi dúró lórí ìwé.

"Mi ò ní sọ ọ́," ni mo wí.

"Bàbá, ìgbìmọ̀ tó ń bo àṣírí mà nìyí! Àárín àwa nìkan ni."

"Ohun tí wọ́n sọ ní yàrá káàdì náà nìyẹn."

Àtàndá nu ojú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí àwọn tó wá kí mi lẹ́yìn ìsìnkú ti ń ṣe. "Ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò lè gbé ìwé tó ní ihò láàárín lọ bá ọ̀gá. Wọ́n á ní ẹ ò mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe, wọ́n á fagi lé ìgbìmọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mò ń béèrè."

Mo dìde. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n fagi lé e. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyáàfin, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìsàn ráńpẹ́."

"Dókítà, ìyẹn kì í ṣe orúkọ àìsàn," ni Àtàndá wí.

"Òun ló pa bàbá mi. Ẹ kọ ọ́."

"Òun náà ló pa ọkọ mi," ni Alhaja Fàrídà wí. "Mo sì wà nídìí ibùsùn."

Ògúndèjì họ orí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá tèmi náà," ni ó wí.

Àtàndá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ti ará ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí sí Olúbùnmi, Olúbùnmi sì kọ ọ́. Mo padà jókòó.

Ìmọ̀ràn tí a kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tí kò bá tọ́jú aláìsàn kò gbọdọ̀ béèrè ohun tó ṣe é. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ti kọ̀ǹpútà kún un, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Bóyá Òṣogbo yóò tẹ̀lé e, n kò mọ̀. A ṣì ń retí kọ̀ǹpútà náà.

Ìfẹ́dayọ̀ ọmọ wa ti ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí n wo ohun tí ìyá òun fi sílẹ̀. N kò lè wọ yàrá iwájú láti ìgbà tó ti kú. Nígbà tí mo ti ìpàdé yẹn dé, mo ṣí i. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ẹlẹ́sẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti já.

Sísọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan kò mú mọ́.

Téépù tó fi ń wọn aṣọ, níbi tó máa ń fi kọ́, lára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Òwú funfun, òwú dúdú, òwú aláwọ̀ ewé.

Agolo mílíìkì kan tó kún fún bọ́tìnì.

Ìwé orin, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ nínú rẹ̀.

Sálúbàtà, tòsì ti jẹ ní gìgísẹ̀.

Káàdì ọsibítù kékeré kan. Mo ti sun ún.

Àga mẹ́rin tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó lé.

Aṣọ iléèwé ọmọdé kan, aláwọ̀ ewé, kò tí ì ní apá. Ẹni tó ni ín kò wá gbà á.